Adé Tuntun Lẹ́nu Ìbọn Bàbá Òdìkejì

Mo kúnlẹ̀ kí àlejò, mo sì gbàgbé pé ìbọn wà lọ́wọ́ mi. Kọ́! Ẹnu ìbọn náà gbá òkúta àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ìró rẹ̀ kò ju ti ṣíbí tó já bọ́ sínú abọ́ lọ. Àmọ́ títí dòní, tí ṣíbí bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yàrá tí a ti ń jẹun ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé mo ti di ìyá ọlọ́mọ.

"Ẹ káàsán, ma," mo ní, orúnkún mi ṣì wà nílẹ̀.

"Ẹn-ẹ́n! Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí!" ni àlejò náà dáhùn. Òun ni olórí àwọn ìyá ní ìjọ wa. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, mo kí i lóòró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá pariwo pé orúnkún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Manchester kì í ṣẹ́, pé irin ni. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ojú ti ìyá mi débi pé kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Mo wá pinnu pé níbikíbi tí mo bá ti tún rí ìyá yìí, orúnkún mi ló máa kọ́kọ́ dé ilẹ̀ kí ẹnu mi tó là. Ìbọn ni o, ìkòkò ọbẹ̀ ni o, ohun yòówù tó bá wà lọ́wọ́ mi, ìyẹn ò kàn mí.

Kí ẹnikẹ́ni má sá o. Kì í ṣe ìbọn ológun, kì í sì í ṣe ti àwọn ọmọ ìta. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, irú èyí tó ń ta èso òjé kékeré bí ẹ̀wà, tí àwọn àgbàlagbà fi ń yin bébà nínú gbọ̀ngàn láti mọ ọwọ́ ta ló dúró jù. Ẹni tó ni ín là ń pè ní Bàbá Òdìkejì, torí pé òdìkejì títì ni ilé wọn wà sí tiwa, ní Old Trafford níbí. Ọsibítù Crumpsall ni ìyá mi ń bá ṣiṣẹ́, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ Bàbá àti Màmá Òdìkejì ni mo máa wà títí ìyá mi á fi dé. Wọn kò bá wa tan. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, àwọn ọmọ tiwọn ti dàgbà, wọ́n ti ṣí lọ, ilé wá dákẹ́ fún wọn. Èmi ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́ ni Ọlọ́run fi rán sí wọn.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé wọn. Tí o bá ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí o bọ́ òyìnbó rẹ síbẹ̀ pẹ̀lú. "Òyìnbó ẹ wà ní títì, ó ń dúró dè ẹ́," ni Bàbá máa ń wí. "Kò sẹ́ni tó máa jí i gbé." Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ Yorùbá tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí.

Bàbá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ́ irin ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan kó tó fẹ̀yìn tì. Ahéré onípákó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tó ń rùn fún òróró ẹ̀rọ àti èèpo ọsàn, torí kò lè ṣiṣẹ́ kó má jẹ ọsàn. Fáìlì tó fi ń họ irin tò lára ògiri láti orí ńlá dórí kékeré, wọ́n sì mọ́ ju ṣíbí ilé ẹlòmíì lọ. Ìbọn yẹn, ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó níbi iṣẹ́ ló fi sílẹ̀ fún un nígbà tó ń kú lọ. Bàbá sọ fún mi pé nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé iṣẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó ti òun jẹun ọ̀sán. Ọ̀gá náà ló gbé abọ́ tirẹ̀ wá, tó jókòó, tó ní, "Ṣé ọwọ́ ẹ máa ń gbọ̀n?" Bàbá ní rárá. Ní Sátidé yẹn ló mú un lọ sí gbọ̀ngàn ìbọn, kò sì padà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ títí ikú fi dé.

Nítorí náà, ẹ ó mọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Bàbá ti nu ìbọn tán nínú ahéré. Ó ṣẹ́ ẹ sí méjì níbi tó ti máa ń ṣí, ó fi inú rẹ̀ hàn mí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó ní, "Gbé e fún Màmá, kó tì í mọ́ inú àpótí." Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo gbé e dáadáa, ọwọ́ méjèèjì. Olórí àwọn ìyá ló yọ láti kíṣìnnì lójijì, orúnkún irin wá rántí ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo wò ó, ó kán níbì kan létí ẹnu rẹ̀, ibi tí ihò ti yọ síta gan-an. Kò tó hóró iyọ̀. Mo fi itọ́ sí ìka, mo fi nù ún, kò lọ. Mo gbé e fún Màmá, mi ò sọ nǹkan kan. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo dákẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá ti gbọ̀ngàn dé. Ó yọ bébà tó yìnbọn sí, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Tẹ́lẹ̀, ihò márùn-ún tó bá dá sí i, kọ́ìnì kan lè bo gbogbo wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ.

"Ha, Bàbá wọn," ni Màmá wí, "ta lẹ fún ní ìbọn yín yìn?"

Àwàdà ló ń ṣe, Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Sátidé kejì, bákan náà. Ní ọjọ́ yẹn ló jókòó sórí àga rẹ̀, tó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, tó ní, "Ojú mi ló ti ń lọ." Àwọn tó ń yẹ ojú wò ti sọ fún un nígbà díẹ̀ sẹ́yìn pé nǹkan kan ti ń fẹ́ yọ sójú rẹ̀, pé kó máa ṣọ́ ọ. Wọ́n ti fún un ní appointment, ó ku oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀, nǹkan díẹ̀ ti tó kó gbàgbọ́. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti yẹ ìbọn wò. Ta ló máa fi ìbọn tí òun fúnra rẹ̀ ń tọ́jú bí ọmọ gbá òkúta?

Èmi mọ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń jẹ bisikíìtì, mo mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sínú dúrọ́ọ̀, ó ní bọ́ọ̀sì ò burú. Ó pe pásítọ̀ lórí fóònù. Bàbá ló máa ń ka Bíbélì Yorùbá ní ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, ohùn rẹ̀ sì wọlẹ̀ débi pé àwọn ọmọ ọwọ́ pàápàá á dákẹ́. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ wá ẹlòmíràn sí i, sà. Kí n má lọ dójú ti ìjọ níwájú àlejò." Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó wo ojú fèrèsé títí.

Inú mi bàjẹ́ gan-an, àmọ́ ẹ̀rù ju inú bíbàjẹ́ lọ. Mo máa ń dìde láàárọ̀ pé òní ni mo máa sọ, á di ìrọ̀lẹ́, mi ò ní tíì sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti pẹ́ nínú, ṣe ló máa ń wúwo sí i. Mo ń rò ó pé wọ́n á lé mi, pé ìyá mi á tún gbọ́, pé ojú á tún tì í.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo bá Bàbá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti bọ́ bàtà, kò tíì gbọ́ mi. Ó di ojú rẹ̀ pa pinpin. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń fi ìka tá ògiri, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀: ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, aárùn-ún. Ó kọ lu tábìlì kékeré, ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Kò la ojú. "Mò ń kọ́ ìrìn afọ́jú ni, ọmọ mi. Kó má baà bá mi lójijì."

Mo sá wọ kíṣìnnì. Màmá ń dín dòdò. Ẹkún ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi já gaara, mo ṣáà sọ ọ́: ìbọn, òkúta, olórí àwọn ìyá, orúnkún mi. Màmá pa gáàsì.

"Ìwọ ọmọ yìí," ló ní. "Látọjọ́ yẹn? Mo ń gbààwẹ̀ nítorí ojú bàbá yìí látọjọ́ Mọ́ńdè!" Ló bá tún gèlè orí rẹ̀ ṣe, ó di ọwọ́ mi mú. "Ó yá. Ẹnì kan kì í nìkan bẹ àgbà. A jọ ń lọ ni."

Màmá Òdìkejì, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí mi. Èmi náà wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá la ojú, ó bá wa nílẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá wọn. Ẹ bá mi dárí ji ọmọ yìí. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀."

Mo sọ ọ́. Mo ń gbọ́ òróró dòdò tó ṣì ń ta pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ ní kíṣìnnì.

"Ó gbá òkúta," Bàbá wí. "Ẹnu rẹ̀?"

"Ẹnu rẹ̀ ni, sà."

"Ó dá ẹ lójú? Kì í ṣe ìdí rẹ̀?"

"Ẹnu ni, sà. Ó kán."

Mi ò tíì rí i kí àgbàlagbà gun àtẹ̀gùn báyẹn rí. Bàtà ilé rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, kò dúró mú un. Ó gbé ìbọn náà sọ̀ kalẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ, ó wò ó pé ó ṣófo, ó já òwú díẹ̀ nínú èyí tí Màmá fi ń nu ojú, ó fi yí etí ẹnu ìbọn náà ká jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Òwú ń lọ, ó ń lọ, ó dúró. Fọ́nrán kan ti kọ́ síbẹ̀. Ó fà á, ó já. Ó tún yí i ká, ó tún kọ́ síbì kan náà.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. "Kì í ṣe ojú mi! Ìyá wọn, kì í ṣe ojú mi o! Ìbọn ni! Ìbọn ló ń ṣàìsàn!" Ó fi ẹsẹ̀ kan tó ní bàtà àti èkejì tí kò ní jó yí wa ká, Màmá sì wà nílẹ̀ tó ń ké pé kí wọ́n kọ́kọ́ fa òun dìde ná. Ara mi wá fúyẹ́ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Kò pariwo. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi ń wò mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ìbọn, irin ni. Irin ṣeé gé. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń fọwọ́ tá ògiri nínú ilé ara mi, Orúnkún Irin, o ń wò mí." Ó nu ojú rẹ̀. "Má ṣe irú ẹ̀ sí mi mọ́. Ohun tó bá burú, wá sọ ọ́ fún mi kó tó tutù. Àti pé, tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ ẹ, gbé e kalẹ̀ ná kí o tó kúnlẹ̀. Àgbà tí kò lè ní sùúrù tó ìyẹn, ìkúnlẹ̀ ò tọ́ sí i."

Láti ọjọ́ náà, Orúnkún Irin di orúkọ mi nílé wọn.

Ó kọ́kọ́ pe akọ̀wé gbọ̀ngàn pé ṣé kò lòdì sí òfin wọn tí òun bá gé díẹ̀ lára ọ̀pá ìbọn náà. Wọ́n ní kò sí wàhálà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dè é mọ́ fáìsì, ẹ̀rọ tó ń di irin mú, nínú ahéré, ó fi awọ bàtà àtijọ́ wé e kí ẹnu fáìsì má baà họ ọ́ lára. Ìka méjì ló fi wọ̀n ọ́n láti ẹnu. Mo ní ibi tó kán náà ò mà tó ìyẹn. Ó ní ẹni tó bá ń gé ohun tó bàjẹ́, kó gé e dé ibi tó dára. Ó yí téèpù ká a kó lè mọ ibi tí ayùn máa gbà, ó fi òwú dí inú rẹ̀, ó gbé ayùn irin.

Ìró yẹn ṣì wà létí mi: kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, kò yára, kò lọ́ra. Ó ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ̀là ọsàn kan. Ègé kékeré náà já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbóná. Ó wá fi fáìlì tẹ́ ojú ibi tó gé, ó ń gbé irin onígun tì í láti mọ̀ bóyá ó gún, ó ń wò ó sójú ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yọ lábẹ́ irin onígun, ó tún fi fáìlì kàn án. Ó tó ìgbà mẹ́wàá kí ìmọ́lẹ̀ tó kọ̀ láti yọ.

"Ó ti tán?" mo bi í.

"Ó ti tán fún oníkánjú. Kò tíì dé adé." Àwọn oníṣẹ́ ìbọn ń pe etí ihò náà ní adé. Ó mú bóòtù idẹ kan tí orí rẹ̀ rí róbótó, ó fi òróró oníyanrìn tí àwọn mẹkáníìkì ń lò kùn ún, ó gbé orí rẹ̀ lé ihò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Bó ṣe ń yí i ló ń da ọwọ́ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni ń ro ẹ̀kọ kó má baà dì síbì kan. Ó nù ún, ó wò ó, ó tún yí i. Nígbà tó ṣe, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ yí ihò ká, ó ń dán.

"Wá wò ó. Ṣé ó pé?"

Mo fi òwú yí i ká. Kò kọ́ níbì kankan.

"Gbogbo ìrìn tí èso yẹn rìn láti ìdí wá," ni Bàbá wí, "tí ibi tó kàn kẹ́yìn bá ti wọ́, ó ti ṣìnà nìyẹn." Ó nu ìbọn náà, ó fi òróró pa á lára.

Sátidé, ó mú mi dání lọ sí gbọ̀ngàn. Òun ló wa mọ́tò. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo di ọwọ́ méjèèjì pọ̀, mò ń gbàdúrà bí ẹni tó wà ní ìṣọ́ òru. Tá. Tá. Tá. Ìgbà márùn-ún. Wọ́n fa bébà náà wá. Bàbá wò ó, kò sọ̀rọ̀, ó gbé e wá bá mi. Ihò kan ṣoṣo ni mo rí, etí rẹ̀ kàn rí gbágungbàgun díẹ̀. Márààrún ti gba ibẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, èémí tí mo ti há mọ́ra láti bí oṣù kan.

Ká tó jókòó sínú mọ́tò ló ti pe pásítọ̀. "Sà, ẹni tí ẹ wá yẹn, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti dé." Lọ́jọ́ Àìkú, ó ka Bíbélì, ó kà á kọjá ibi tí wọ́n ní kó dúró, kò sẹ́ni tó dá a lẹ́kun.

Ègé irin ìka méjì yẹn, èmi ló fún. Ó wà lára kọ́kọ́rọ́ ilé mi. Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, ní Crumpsall bíi ti ìyá mi, iṣẹ́ wa sì jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn ti lè ṣe àṣìṣe kó wù ú kó dákẹ́. Tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí mi, mo máa ń fọwọ́ kan irin yẹn nínú àpò mi, màá sì lọ bá ọ̀gá mi kó tó tutù.

Ojú Bàbá padà lọ lóòótọ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù kan nítòsí tèmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Dókítà ti ṣàlàyé fún wọn, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ pé àwọn fúnra wọn làwọn máa sọ fún un. Wọn ò lè sọ ọ́. Ṣe ni wọ́n ń sọ fún un pé ó máa dáa, pé oògùn ni ojú ń dúró dè. Mo yà kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé tíì fún un lórí àwo. Ó gbọ́ ìrìn mi.

"Orúnkún Irin."

"Èmi ni, Bàbá."

"Àwọn ará ibí ò fẹ́ sọ fún mi. Ìwọ sọ ọ́. Ṣé ìbọn ni, àbí ojú ni?"

Mo wo àwọn ọmọ rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ mi orí sí mi pé kí n sọ ọ́. Mo gbé àwo ọwọ́ mi kalẹ̀ ná. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ojú ni, Bàbá. Kò ní padà mọ́."

Ó mí kanlẹ̀. Mo mọ irú èémí yẹn, mo ti mí in rí nínú gbọ̀ngàn ìbọn. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ojú rẹ̀ sì tú ká. "O ṣeun, ọmọ mi," ló ní. "Mo mọ̀. Ó kàn ń rẹ̀ mí láti máa ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀." Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo gbọ́ tí o gbé àwo kalẹ̀ o."

Ó ní kí n mú Bíbélì lórí tábìlì kí n ka ibi tí wọ́n máa kà lọ́jọ́ Àìkú. Mo kà á lórí ìkúnlẹ̀ mi títí tíì fi tutù, ó sì ń bá mi tún gbogbo ibi tí mo ti ṣì í kà ṣe.